Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọ Àwòrán Lórúkọ

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú òtútù, ẹ sì kú ìnáwó ọkọ̀. Alága, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fara ti ògiri lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo rí yín o. Ẹ sún síwájú, mi ò ní í wàásù.

Mo ní mi ò ní í wàásù, àmọ́ inú Bíbélì náà ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. “Asán inú asán, gbogbo rẹ̀ asán ni.” Ta ni kò mọ ibẹ̀? Ìwé Oníwàásù ni. Ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, nílùú Leiden ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, àwọn ayàwòrán kan sọ ẹsẹ yìí di òwò. Wọ́n á to ìwé sórí tábìlì, wọ́n á gbé agbárí òkú sáàárín wọn, wọ́n á fi àtùpà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sí i, aago, fèrè, ìkarahun òkun. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò séèyàn kankan nínú àwòrán náà. Nǹkan orí tábìlì nìkan ni. Àwọn tó fi ìwé ṣiṣẹ́ jẹun wà lára àwọn tó ń rà á, wọ́n á sì fi kọ́ ògiri. Ẹ wò ó, èèyàn á lo ogójì ọdún nídìí ìwé, á tún wá yọ owó lápò fún ẹni tó máa yà á fún un pé asán ni gbogbo ẹ̀! Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rò ó. Ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àlejò mọ iye ìwé tóun ní.

Ìbéèrè tí mo gbé wá rèé. Tá a bá rí irú àwòrán báyìí lónìí, tí kò sórúkọ lára ẹ̀, tàbí tórúkọ wà níbẹ̀ tọ́kàn wa ò gbà á, báwo la ṣe máa mọ ẹni tó yà á? Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ àwọn tó ń wá ọwọ́ tó ya àwòrán àtijọ́ kò jìnnà sí òwe yẹn. Ilé ni wọ́n ń wò. Ilé tí ayàwòrán ti jáde, ilé tí àwòrán ti gbé rí, àti ilé tí àwòrán náà ń yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ ilé kan.

Ìlú Leiden jìyà. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì dó tì í, ebi pa àwọn èèyàn kú, kó tó di pé wọ́n rí ìdáǹdè ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1574. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ọmọọba William ti Orange dá yunifásítì sílẹ̀ síbẹ̀. Làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń wọ́ wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Joseph Scaliger dé láti Faransé ní 1593, ẹni tí wọ́n ń wárí fún káàkiri Yúróòpù nítorí ìmọ̀ èdè àtijọ́. Ibi tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá pọ̀ sí, òǹtẹ̀wé á pọ̀ síbẹ̀, òǹtàwé náà á pọ̀, ayàwòrán náà á wá jẹun níbẹ̀.

Inú ìlú yìí ni wọ́n bí David Bailly sí ní 1584. Bàbá rẹ̀, Peter, wá láti Antwerp. Iṣẹ́ ìkọ̀wé ẹlẹ́wà ló ń ṣe, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. David ní tiẹ̀ ń ya àwòrán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn èèyàn yunifásítì. Arábìnrin rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣe awò ojú ní Delft, wọ́n bí Harmen àti Pieter Steenwijck. Ẹ ti rí irú ilé tó jẹ́: ilé kálàmù, ilé awò ojú, ilé búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ìdílé yìí sọ́kàn o.

Bailly ya iṣẹ́ kan ní 1651 tó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Lakenhal ní Leiden títí dòní. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó lápá òsì, aṣọ dúdú ló wọ̀, ó di ọ̀pá tí ayàwòrán máa ń gbọ́wọ́ lé mú. Ọwọ́ rẹ̀ kejì gbé àwòrán kékeré onírùngbọ̀n kan tó ti dàgbà ró lórí tábìlì. Agbárí wà níbẹ̀, owó ẹyọ wà níbẹ̀, ife kan ti ṣubú, àbẹ́là ti kú, òdòdó ń rọ. Ìfóòfó ọṣẹ ń léfòó lókè. Ẹni tó bá ń kánjú á ní ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ni ayàwòrán, bàbá rẹ̀ ló gbé dání. Rárá o! Bailly ti ń lọ sí ẹni àádọ́rin ọdún ní 1651. Òun gan-an ni onírùngbọ̀n inú àwòrán kékeré. Ọ̀dọ́ tó gbé e dání ńkọ́? Àwọn kan ní Bailly náà ni nígbà èwe rẹ̀, àwọn kan ní ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Èmi fara mọ́ tàkọ́kọ́. Àgbà tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú lòun ló lè ronú kan irú ẹ̀.

Bébà pélébé kan wà létí tábìlì náà. Ẹsẹ Oníwàásù yẹn ló wà lára rẹ̀ ní Látìnì, orúkọ Bailly àti ọdún tẹ̀ lé e. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ká ní ọ̀dà ibẹ̀ ti họ dànù ńkọ́? Ṣé a ṣì lè dá a mọ̀? A lè dá a mọ̀. Àwòrán ọkùnrin kan tó ń ta lúùtù, ìyẹn ẹbí gìtá, wà lára ògiri ẹ̀yìn. Frans Hals ti ìlú Haarlem ló kọ́kọ́ ya onílúùtù yẹn. Bailly fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdàkọ rẹ̀, àdàkọ náà sì wà ní Rijksmuseum ní Amsterdam. Àwòrán obìnrin kan náà wà lórí tábìlì, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìyàwó Bailly, Agneta, ni. Bí orúkọ bá sọ nù, nǹkan ilé ò ní í ṣàì jẹ́rìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ arábìnrin rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le.

Harmen àti Pieter kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bailly. Ọ̀gá kan náà, oríṣi tábìlì kan náà, ọjà kan náà. Irú àtùpà tí ẹ̀gbọ́n ń yà làbúrò ń yà. Orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n ń kọ, lẹ́tà iwájú ló yàtọ̀, H àbí P. Ká wá sọ pé ẹnì kan ti fi kànìnkànìn fọ igun àwòrán yẹn ní igba ọdún sẹ́yìn, tí lẹ́tà iwájú bá a lọ. Ta ló ni ín nínú wọn?

Ẹ̀yin tá a jọ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè rí iṣẹ́ Harmen láìsan kọ́bọ̀. Ó wà ní National Gallery, ní Trafalgar Square. Pákó igi óákù kékeré ni, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 39 sí 51. Wọ́n gbà pé nǹkan bí 1640 ló yà á. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ má wo agbárí kọ́kọ́. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀. Ó gba òkè lápá òsì wọlé, ó dà sílẹ̀ ní ìdábùú lára ògiri tí kò ní nǹkan kan lára, ó wá bà sórí agbárí. Ìdajì àwòrán náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògiri lásán! Ẹni tí ò mọṣẹ́ á ti bẹ̀rù òfìfo yẹn, á ti fi aṣọ ìkélé dí i.

Ẹ wá wo orí tábìlì. Ìwé wà, ìkarahun dídán kan wà, fèrè wà, idà àwọn ará Japan kan wà. Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni idà Japan ṣe dé orí tábìlì ní Họ́láǹdì? Ní 1639 ni Japan lé àwọn Pọtogí dànù, tí ó fi wá ku àwọn oníṣòwò Họ́láǹdì nìkan nínú gbogbo Òyìnbó tó ń bá wọn rà, tó ń bá wọn tà. Idà yẹn ń sọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó fi í sílé ń sọ fún àlejò pé ọwọ́ òun tó ibi tí ọkọ̀ ojú omi dé. Harmen fúnra rẹ̀ tiẹ̀ lọ sí East Indies, apá ibi tó ń jẹ́ Indonesia lónìí, nígbẹ̀yìn, ní nǹkan bí 1654, lẹ́yìn tó ti ń ya ẹrù ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìgò ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lápá kan tábìlì. Nígbà tí wọ́n fi ẹ́síréè yẹ àwòrán náà wò, ohun mìíràn ló wà lábẹ́ ìgò yẹn: orí ère ọkùnrin kan tó dé adé ewé, bíi ti ọba Róòmù àtijọ́. Harmen ti ya ọba, ó wá bò ó mọ́lẹ̀, ó ya ìgò lé e lórí. Kí nìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń wá orúkọ? Ẹni tó ń ṣe àdàkọ iṣẹ́ oníṣẹ́ kì í sábà yí ọkàn padà. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá ń pa á rẹ́, tó ń tún un yà, orí ara rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ṣá, ìyẹn nìkan ò tó. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ́síréè sọ tiẹ̀, a ṣì máa pe àwọn ẹlẹ́rìí yòókù.

Ẹ gbọ́ bí ìfọwọ́sí ṣe lè tan èèyàn jẹ. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ rò ni pé tórúkọ bá ti wà lára àwòrán, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní 1892, àwọn oníṣòwò àwòrán kan ní Lọ́ńdọ̀nù níbí ra àwòrán tọkọtaya kan tó ń mutí, tó ń ṣeré. £4,500 ni wọ́n rà á. Orúkọ Frans Hals ló wà lára ẹ̀, ẹni ńlá sì ni Hals. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí àmì mìíràn níbẹ̀: J àti L tó lẹ̀ mọ́ra, ìràwọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ di kóòtù. Àwọn tó rà á àti ẹni tó tà á fún wọn jọ jiyàn lórí owó títí wọ́n fi gbà láàárín ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò bìkítà láti béèrè pé ta ni JL! Cornelis Hofstede de Groot, ọmọ Họ́láǹdì tó ń ṣèwádìí àwòrán, ló dáhùn ní 1893. Judith Leyster ni, obìnrin ará Haarlem tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú rẹ̀ ní 1633, tó kú ní 1660. Ó tó igba ọdún ó lé tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọkùnrin. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ti Judith yìí ju ogún lọ dáadáa. Àwòrán náà wà ní Louvre ní Paris báyìí, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí bí irọ́ ṣe máa ń rìn. Láti orúkọ kékeré ló ń lọ sí orúkọ ńlá. Mi ò tíì rí oníṣòwò tó pa orúkọ ọ̀gá rẹ́ kó lè kọ tọmọ iṣẹ́ síbẹ̀. Nítorí náà, bí orúkọ bá ṣe tóbi tó lára àwòrán, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kójú wa là tó.

Ìgbà mìíràn sì wà tí kò séèyàn kankan tó purọ́. Ní Middelburg, Ambrosius Bosschaert ń ya òdòdó, ó ń fi A àti B ṣàmì sí i. Ó bí ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jogún iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Ambrosius bíi bàbá rẹ̀. Òmíràn ń jẹ́ Abraham. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: A.B., A.B., A.B.! Johannes nìkan ló gbà wá lọ́wọ́ ìdààmú. Ọdún 1960 ni Laurens Bol tẹ ìwé tó to ìdílé náà lẹ́sẹẹsẹ jáde.

Ó kan pákó àti ọ̀dà. Mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Orí pákó igi óákù ni wọ́n ya púpọ̀ nínú àwọn nǹkan yìí sí, ọ̀pọ̀ igi náà sì ti agbègbè òkun Báltíìkì wá. Àwọn onímọ̀ máa ń ka òrùka inú igi, wọ́n á fi mọ ọdún tí igi ọ̀hún kò tíì lè di gígé ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn lè já irọ́: tígi bá ṣì wà lóòró ní 1660, ẹni tó ti kú ní 1657 bíi Bailly kò lè ya nǹkan kan sórí ẹ̀. Àmọ́ kò lè sọ ẹni tó yà á. Bákan náà ni ọ̀dà. Búlúù kan wà tí wọ́n ń pè ní Prussian blue, ìlú Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700. Tẹ́ ẹ bá bá a lára àwòrán tí wọ́n ní 1630 ni wọ́n yà á, yálà ọwọ́ ẹlòmíràn ti kàn án lẹ́yìn ìgbà náà, tàbí kí wọ́n ti lù yín ní jìbìtì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ máa wo ẹ̀yìn àwòrán! Ẹ̀yin ará Peckham, ẹ mọ ilé àwòrán Dulwich, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Àwòrán ojú ọkùnrin kan tí Rembrandt, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ayàwòrán Họ́láǹdì, yà ní 1632 wà níbẹ̀, Jacques de Gheyn Kẹta. Bàbá ọkùnrin yìí ló ya ọ̀kan nínú àwọn àwòrán agbárí àkọ́kọ́ tá a mọ̀, ní 1603, ìyẹn wà ní Metropolitan Museum ní New York. Inú ìlú The Hague ni wọ́n ń gbé, wọ́n jẹ́ aládùúgbò ìdílé Huygens. Rembrandt ya Maurits Huygens, ọ̀rẹ́ de Gheyn Kẹta, náà, tiẹ̀ wà ní Hamburg. Wọ́n kọ Látìnì sẹ́yìn pákó ti Dulwich, pé ẹni tó ń kú lọ ló fi í sílẹ̀ fún Huygens gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pákó yẹn ló so ilé méjì pọ̀. Pákó náà kéré, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jí i gbé nígbà mẹ́rin, láàárín 1966 sí 1983. Nígbà tó kẹ́yìn, Jámánì ni wọ́n ti lọ rí i, níbi tí àwọn èrò máa ń tọ́jú ẹrù sí ní ibùdókọ̀ ojú irin.

Mo ti dárúkọ Huygens, ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí tábìlì ṣe ń yin ìdílé ọ̀mọ̀wé. Constantijn, ẹ̀gbọ́n... rárá, àbúrò Maurits ni, jẹ́ akọ̀wé àwọn Ọmọọba Orange, akéwì ni, olórin sì ni. Ọmọ rẹ̀ Christiaan ló rí Titan, òṣùpá Sátọ̀nì, ní 1655. Ẹ padà sí National Gallery kan náà, ẹ máa rí Constantijn tí Thomas de Keyser yà ní 1627, tí akọ̀wé kékeré kan ń mú lẹ́tà wá fún un. Ẹ fọwọ́ bo èèyàn méjèèjì, kẹ́ ẹ wo tábìlì nìkan: lúùtù ọlọ́rùn gígùn, àwòrán ayé rìbìtì, ìwé. Bí ẹnì kan bá gé tábìlì yẹn yọ tó gbé e wá fún mi, n óò ṣì béèrè pé, “Ilé ta ni wọ́n ti ń kọrin, tí wọ́n ń wo ìràwọ̀, tí iṣẹ́ ọba ò sì jẹ́ kí wọ́n sinmi?” Orúkọ onílé sábà máa ń yọ ṣáájú ti ayàwòrán. Tá a bá ti mọ onílé, ó kù ká lọ sí ìwé àwọn nọ́tárì, tí wọ́n ń kọ ẹrù òkú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán ìyẹ̀wù, àwòrán pálọ̀. Ilé kan wà ní The Hague tí wọ́n ń pè ní RKD, láti 1932 ló ti ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ẹrù ìwádìí tí Hofstede de Groot fi sílẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwé orí tábìlì náà ń jẹ́rìí. Jan Davidsz. de Heem ya òkìtì ìwé kan ní Leiden ní 1628, ó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Mauritshuis ní The Hague. Ìwé jákujàku ni wọ́n, etí wọn ti ká, gbogbo rẹ̀ láwọ̀ ilẹ̀ àti eérú. Èèyàn lè ka orúkọ Bredero tó kọ eré orí ìtàgé lára ọ̀kan. De Heem yìí kan náà kó lọ sí Antwerp, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya edé ńlá pupa, àjàrà, ife wúrà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nídìí edé nìkan kò ní í gbà pé òun ló ya ìwé yẹn. Pieter Steenwijck ní tiẹ̀ ya tábìlì kan láti fi ṣèrántí Maarten Tromp, ọ̀gágun ojú omi. Kò lè ṣáájú oṣù Kẹjọ 1653, torí ìgbà yẹn ni Tromp kú sójú ogun.

Ohun tó kù ni lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Tí wọ́n bá kọ orúkọ nìkan, ó dá wọn lójú. Tí wọ́n bá ní “a kà á sí tirẹ̀”, wọ́n ń rò ó. “Láti ibi iṣẹ́ rẹ̀”, ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é. “Ẹni tó tẹ̀ lé e” lè má rí ọ̀gá náà sójú rí. Owó ńlá ló wà láàárín àtẹ̀gùn kan sí èkejì, torí náà èmi fẹ́ràn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá lójú láti kọ ọ́ pé àwọn ò mọ̀.

Tiwa náà wà níbẹ̀. Ní British Museum, ilẹ̀kùn ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ wà, èyí tó dé Wembley fún àfihàn ní 1924. Olówè ará Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbẹ́ ẹ. Olówè ò fọwọ́ sí nǹkan kan, òpó àti ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn kọ “Yorùbá” sí lára sì pọ̀ lọ jàra nílẹ̀ yìí, bí ẹni pé gbogbo ìran Yorùbá ló jọ di ọ̀bẹ ìgbẹ́gi mú. Ní 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ki oríkì rẹ̀ fún John Pemberton tó ń ṣèwádìí. Nínú oríkì yẹn, ó dárúkọ ìlú tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ìwé nọ́tárì tiwa nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó lè ki ìran agbẹ́gilére, ẹ gbé fóònù yín síwájú wọn lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè orúkọ ìlú àti orúkọ agboolé.

Màmá tó wọ àdìrẹ yẹn ti nawọ́ látìgbà tí mo ti dárúkọ Ìkẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé máíkì fún wọn.